Bí A Ṣe Ń Fi Èèpo Àlùbọ́sà Pa Ẹyin Àjíǹde Láró Bíi Ti Àwọn Ará Gíríìsì

Pupa ni ẹyin ọdún Àjíǹde ní ilẹ̀ Gíríìsì. Àwọn Kristẹni Ọ́tódọ́ọ̀sì kì í jẹ ẹyin nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ṣùgbọ́n adìẹ kì í gbààwẹ̀. Ó ń yé lọ ní tirẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ni wọ́n ń pa ẹyin láró. Pupa dúró fún ẹ̀jẹ̀ Kristi, èèpo ẹyin sì dúró fún ibojì tí a dí pa.

Kó èèpo gbígbẹ àlùbọ́sà 15 jọ, irú èyí tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ bàbà. Bí o bá lo èèpo àlùbọ́sà pupa, àwọ̀ mìíràn ni yóò fún ọ. Wá ẹyin 12, omi lítà kan àti ààbọ̀, àti fínígà funfun ṣíbí ìjẹun 3.

Gbé ẹyin kúrò nínú fìríìjì ní wákàtí kan ṣáájú, kí o fi aṣọ tí a rẹ sínú fínígà díẹ̀ nù wọ́n. Ibi tí ọ̀rá ọwọ́ bá kù sí, aró kò ní mú un.

Se èèpo àlùbọ́sà nínú omi náà lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 30. Sẹ́ ẹ, da èèpo nù, bu fínígà sí i, kí o sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: ẹyin tútù tó bọ́ sínú omi gbígbóná, sísán ni yóò sán. Fínígà púpọ̀ kò sì sọ pé kí pupa pọ̀. Bí ó bá ju bó ṣe yẹ lọ, yóò máa jẹ èèpo ẹyin, aró á sì máa bó.

To ẹyin sínú ìkòkò láìto wọn lé ara, da aró bò wọ́n, gbé e kaná díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ka ìṣẹ́jú 12, kí o pa iná. Bí pupa kò bá tíì tẹ́ ọ lọ́rùn, jẹ́ kí ìkòkò tutù, kí o gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Má nu ẹyin nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Tó bá gbẹ, fi òróró ólífì díẹ̀ pa á kí ó lè dán.

Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ ọnà yóò ti lẹ ewé pásílì tútù mọ́ ẹyin kí ó tó sè é, yóò sì fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í pinpin. Bí ẹ̀kọ ṣe ń dènà aró lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ewé náà ń ṣe. Bí ìdè bá dẹ̀, aró á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹyin tí wọ́n bá kọ́kọ́ pa láró, ti Màríà ni; ẹ̀gbẹ́ àwòrán mímọ́ ni ó ń wà títí di ọdún tó ń bọ̀, wọn kì í jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìsìn òru Sátidé ni wọ́n máa ń kan ìyókù mọ́ra. Ẹnì kan á wí pé “Christos anesti” (Kristi ti jíǹde), èkejì á dáhùn pé “Alithos anesti” (Ó jíǹde lóòótọ́). Ẹni tí ẹyin rẹ̀ kò bá fọ́ ló ni oríire ọdún náà. Fi ìkúùkù bo ẹyin rẹ, kí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan yọ jáde. Ẹyin tó bá kù, jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ 7, inú fìríìjì ni kó sì wà; èyí tó sán nínú ìkòkò, ọjọ́ náà gan-an ni kí o jẹ ẹ́.