Dẹ́kìn tí a dà nígbà kòrónà

Oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni dẹ́kìn ilé alájà kan tí mo ń bójú tó ní Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́, tó dídà. Dẹ́kìn ni kọnkéré pẹrẹsẹ tó máa ń wà láàárín ilé ìsàlẹ̀ àti tòkè. Pákó àti irin ti wà nílẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ni kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Dẹ́kìn kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń dá dúró níbi tó bá wù ú. Kọnkéré tó ti le kì í fẹ́ gba tuntun mọ́ra. Ojú ibẹ̀ lomi máa ń gbà jò.

Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n lébírà la máa ń kó. Wọn a tò sórí àtẹ̀gùn pákó, wọn a máa na páànù tí wọ́n bu kọnkéré sí síra wọn, èémí ẹnì kan lójú ẹnì kejì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ẹnjiníà wa ní ká pín in sí ọjọ́ méjì, ká fi pákó dá a dúró láàárín gbùngbùn, ká má ṣe é nítòsí bíìmù, ìyẹn òpó ìdábùú tó gbé dẹ́kìn dúró.

Èèyàn méjìlá ni mo kó lójúmọ́. Mo fi ọ̀dà sàmì sí páànù kálukú, oníkálukú ń ru tirẹ̀ gòkè. Iṣẹ́ falẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹni tó nilé ra sanitáísà wá. Kí ni yóò ṣe lọ́wọ́ tí sìmẹ́ǹtì bò? Ó tún ń ta wọ́n níbi tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ wọ́n lára. Garawa ẹlẹ́nu ẹ̀rọ àti ọṣẹ ló yanjú ẹ̀. Ìbòmú ní tirẹ̀, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, òógùn ti rin ín gbingbin, ni mo bá ń fún wọn ní méjì méjì.

Kọ́ọ̀pù ni mi ò ronú kàn. Bàbá, àgbà bíríkìlà wa, mu omi inú dúrọ́ọ̀mù tán, ó na kọ́ọ̀pù sí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un."

"Ṣé kí òùngbẹ kọ́kọ́ pa á kí kòrónà tó dé ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n lọ ra píọ̀ wọ́tà àpò mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, a ṣá ojú ibi tí a dá a dúró sí, a fọ̀ ọ́, a da sìmẹ́ǹtì pípò sí i kí kọnkéré tuntun tó bọ́ síbẹ̀. Aago mẹ́rin, a ti parí. Owó míkísà, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, ti ọjọ́ kejì dá wàhálà sílẹ̀. Lára owó iṣẹ́ tèmi ni mo ti yọ díẹ̀.

Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, abẹ́ ojú ìpàdé yẹn ni mo sáré lọ dúró sí. Kò jò.