Àbùkù kọ́, àléébù ni

Níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kan tí mo bá wọn lọ, bàbá ìyàwó ní kí ọkọ ìyàwó sọ díẹ̀ nípa ara rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ ò burú. Ó sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ó sọ ìwé tí ó kà, ó wá fẹ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Èmi náà ní àbùkù tèmi o, sà." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá ìyàwó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ kò ju pé òun kì í tètè jí láàárọ̀.

Ẹ má fi àbùkù pe ìwà kékeré. Ẹ wo inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: wọ́n bù lára nǹkan, ó sì kù. Ohun tó yẹ kó pé ni kò pé mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń lò ó fún ara, tí a tún ń lò ó fún iyì. Bí wọ́n bá tàbùkù ènìyàn láwùjọ, iyì rẹ̀ ni wọ́n bù. Ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni ní alábùkù ara. Àwọn baba wa ò ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe àfín, abuké àti arọ, nítorí Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ sì ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lóde òní, àkàndá ẹ̀dá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa ń wá ni àléébù. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni ó ti wọlé, bí àlàáfíà àti àlùbọ́sà. Bí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ààfáà: àgbò tí ojú rẹ̀ kan fọ́, tí ó ń tiro, tí àìsàn hàn lára rẹ̀, tàbí tí ó rù kan egungun, ó ní àléébù, kò ṣe é fi ṣe iléyá. Lórí ènìyàn, ó fúyẹ́ ju ti àgbò lọ. Kò sẹ́ni tí kò ní àléébù tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì sọ tirẹ̀ fún àna, wọn ò ní wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó ń ya mí lẹ́nu jù ni "ó kù díẹ̀ káàtó." Àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ "díẹ̀" níbẹ̀, wọ́n rò pé ìyìn ni, pé ohun tí àwọn ṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa. Rárá o! Bí ọ̀gá télọ̀ bá gbé bùbá tí ọmọṣẹ́ rán sókè, tí ó wò ó síwá sẹ́yìn, tí ó ní "Èyí kù díẹ̀ káàtó," ohun tí ó ń sọ ni pé kó tú u. Bí àgbà bá sọ nípàdé ẹbí pé ìwà tí o hù lánàá kù díẹ̀ káàtó, ìwà náà burú, ẹnu àgbà ni kò fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ló kàn, kì í ṣe "Ẹ ṣé, sà, màá tún gbìyànjú sí i." Láti inú gbólóhùn yìí ni a ti rí ìkùdíẹ̀-káàtó, tí ó dára gan-an bí a bá ń kọ̀wé nípa ilé iṣẹ́ tàbí ìjọba.

Àìlera ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bi níbi ìwáṣẹ́ pé kí ni kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, tí ó wá ń sọ "àìlera mi ni…", á dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Lóòótọ́, Bíbélì lò ó bẹ́ẹ̀ nínú 2 Kọ́ríńtì 12:9, ó sì bá ibẹ̀ mu. Níbi iṣẹ́, "ibi tí mo kù sí" tó.

Àṣìṣe, "ṣì" ló wà nínú rẹ̀, bíi ti àṣìsọ, àṣìgbọ́ àti àṣìmú. Ẹni tí ó wọ bàtà ẹlòmíràn jáde ní mọ́ṣáláṣí, àṣìmú ni. Bí ó bá ṣe é ní Jímọ́ọ̀ mẹ́ta léra, tí bàtà ọ̀hún sì ń tuntun sí i, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un. Àwọn tí wọ́n kó owó ìlú jẹ, tí wọ́n ń pè é ní àṣìṣe, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni tiwọn.

Ẹ má sì pe owú ní ìlara. Ohun tí ẹ kà sí tiyín ni ẹ ń jowú lé lórí. Ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn ni onílara ń wò. Ọkọ lè fi ẹ̀rín pe ìyàwó rẹ̀ ní òjòwú. Kó dán onílara wò.

Ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. "O purọ́" ń bá ohun tí ènìyàn ṣe lónìí wí, "òpùrọ́ ni ọ́" ń sọ ọ́ lórúkọ. Fún àgbà, ẹ má sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, kódà bí irọ́ náà bá ń rìn níwájú yín. "Bóyá ẹ ti gbàgbé, mà" ni a ń sọ, wọ́n á sì mọ̀ pé ẹ mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù kọ̀wé tọrọ àforíjì láìfi àmì sí ọ̀rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ la ń dárí rẹ̀ jì. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn, ẹ̀ṣẹ́ la fi ń lu ènìyàn, ẹsẹ sì wà lọ́dọ̀ babaláwo.