Ohun tó ń mú kí rúbì pọ́n, àti bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò

Ká ní kò sí àbùlà kankan nínú rúbì, òkúta iyebíye pupa, mímọ́ gaara bí omi ni ì bá rí. Kọ̀rọ́ńdọ̀mù ni òkúta náà, àpapọ̀ alumíníọ́mù àti ọ́síjìn. Kurómíọ́mù, irú mẹ́táàlì kan, tó gba ipò díẹ̀ lára alumíníọ́mù yẹn ló ń mú un pọ́n, bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: bó bá tó ìdá 1 nínú 100, òkúta ti pọ́n fòò. Bó bá kéré sí i dáadáa, pínǹkì ni, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. (Iyùn tí Bíbélì Yorùbá fi dípò rúbì kò bá a tan rárá, inú òkun ni iyùn ti ń wá, irú èròjà tó wà lára èèpo ẹyin ló sì wà nínú rẹ̀.)

Kurómíọ́mù ń gbé ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé mì kí pupa lè jáde, òun fúnra rẹ̀ sì tún ń ràn bí ẹyin iná. Irin ló ń pa iná yẹn. Torí náà, bí irin ṣe pọ̀ tó nínú òkúta ni kí ẹ wò, òun ló ń tọ́ka sí ibi tó ti wá.

Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì UV (ìmọ́lẹ̀ tó kọjá àwọ̀ àlùkò) oní-nanomítà 365, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àti ìwé funfun. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ òkúta, ẹ gbé e sórí ìwé lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ má ṣe wò ó lábẹ́ gílóòbù yẹ́lò: gbogbo rúbì ló ń dára níbẹ̀, àwọn tó ń tà á sì mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àwọ̀ àlùkò tó ń dán lójú òkúta kì í ṣe nǹkan kan, tọ́ọ̀ṣì ló ni ín. Pupa tó ń ti inú jáde ni kí ẹ wò. Èyí tó ń jó bí ẹyin iná, irin inú rẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ ni ti Mogok ní Myanmar, torí inú òkúta mábù ló ti hù. Ti ààlà Thailand àti Cambodia, irin pọ̀ nínú rẹ̀: ó máa ń ṣú, kì í sì í fẹ́ẹ̀ ràn. Ti Montepuez ní Mozambique wà láàárín méjèèjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí pàkúté nìyí. Rúbì àtọwọ́dá, irú èyí tí Verneuil, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, gbé jáde ní 1902, ń ràn ju ti Mogok lọ, nítorí ìyẹ̀fun àpapọ̀ alumíníọ́mù àti ọ́síjìn, pẹ̀lú ti kurómíọ́mù àti ọ́síjìn, nìkan ni wọ́n yọ́, kò sí irin níbẹ̀. Ẹ fi awò wo inú rẹ̀: ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ti inú ilẹ̀ máa ń lọ gbọnrangandan. Sípínẹ́lì, òkúta mìíràn tó jọ rúbì, náà ń ràn, torí kurómíọ́mù kan náà ni. Òun gan-an ni òkúta tí wọ́n ń pè ní Black Prince's Ruby lára adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí pupa bá fà sí àlùkò, ó lè jẹ́ irin àti taitáníọ́mù (mẹ́táàlì mìíràn) tó pàdé, tí wọ́n mú búlúù wá. Iná ààrò níbi tí ọ́síjìn ti pọ̀ máa ń mú un kúrò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tàbí búlúù tó ń kọ mànà níbi tí òkúta ti sán, gíláàsì olójé ni wọ́n fi dí i: ẹ má ṣe jẹ́ kí iná alágbẹ̀dẹ tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án, yóò jẹ gíláàsì náà.