Bí Mo Ṣe Pa Ìbọn Bàbá Mi Lẹ́nu Mọ́

Ọdún mẹ́fà gbáko ni ìbọn bàbá mi fi wà lókè àjà, lórí yàrá tí àwọn ọmọ mi máa ń sùn sí nígbàkigbà tí a bá wá sí Iléṣà fún ọdún. A ti ṣe ìpà ọdẹ fún bàbá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sun ìrèmọ̀jé títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ti gbé aṣọ ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó bí àṣà ti wí. Ìbọn nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mú un, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹlòmíì mú un.

Èmi ni àkọ́bí. Obìnrin ni mí, olùkọ́ ni mí, n kò sì yin ìbọn rí láyé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi kékeré gun àkàbà lọ́jọ́ Kérésì tó kọjá, tó yọ orí sókè àjà, tó ní "Mọ́mì, kí ni ọ̀pá gígùn yìí?", mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti di tèmi.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè ni àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Èkó. Ohun tó sọ yà mí lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ ká bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká kúkú tún un ṣe. Mo rí i lórí fóònù, àwọn òyìnbó ń sọ ìbọn gígùn di èyí tó ń yin ọta ìbọn ìléwọ́. Ọta náà kéré, kò wọ́n, kì í ti èèyàn sẹ́yìn."

Kò parọ́. Wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìbọn Winchester ti ọdún 1873 ń jẹ ọta tí wọ́n ń pè ní .44-40, kò sì pẹ́ sígbà náà tí Colt fi ṣe ìléwọ́ tó ń jẹ ọta yẹn gan-an. Ẹlẹ́ṣin tó wà nínú pápá á kó ọta oríṣi kan ṣoṣo sí bẹ́líìtì rẹ̀, á sì fi bọ́ méjèèjì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìbọn gígùn ta àmì ló fẹ́ràn ọta ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 9mm nítorí owó àti nítorí èjìká wọn. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n dán wò ní ilé iṣẹ́ ni tiwọn. Ṣakabùlà ni ti bàbá mi, páìpù omi sì ni ẹnu rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ ọ́n ló sọ fún mi.

Mo bi àbúrò mi pé mélòó ni fọkanáísà máa ń fa sínú táyà mọ́tò rẹ̀. Ó ní bíi 35. Mo ní agbára tí ọta 9mm lè fi ti irin tó yí i ká lè tó 35,000 lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nìyẹn, nínú páìpù omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo fi òfin kún un: Òfin Ìbọn ọdún 1959 ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìbọn olókùúta àti oníkápù, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù ló to ìléwọ́ sí, ìsọ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ.

Ìjẹ̀ṣà ni àbúrò mi, kò ní í ṣàì wá ọ̀rọ̀ sọ. "Ṣebí ìbọn tí wọ́n tún ṣe náà ni àwọn Ògèdèngbé fi jagun Kírìjì?"

Ó mú mi níbẹ̀ yẹn. Snider ló ń sọ. Ìbọn Enfield ti ọdún 1853 ni tẹ́lẹ̀, tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ki láti ẹnu bíi ti bàbá wa. Nígbà tó di 1866, wọ́n gé ìdí irin rẹ̀, wọ́n fi ìdérí sí i, ó di èyí tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ni wọ́n ra irú ìbọn àkìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ogun Èkìtìparapọ̀. Ẹni tó ń ki ìbọn láti ẹnu sábà máa ń dìde dúró kó tó lè ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń kì í láti ẹ̀yìn lè dùbúlẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn jẹ́ lójú ogun. Mo gbà fún àbúrò mi pé òótọ́ ni. Mo wá ní ogun wo ló wà nílé wa, yàtọ̀ sí ti ogún? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣe bó bá ṣe yé mi.

Ìwé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ìyá mi sì fi í pamọ́ sínú Bíbélì. Mo mú un pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú lọ sí tẹ́ṣàn. Mi ò gbé ìbọn dání o, ẹ má ṣe irú ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọ̀gá kò sí ní ìjókòó. Ní ìgbà kẹta, ọ̀gá náà kà á, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi pé kí n wá. Mo ní ẹ̀rù ni. Ó ní àwọn èèyàn kì í wá. Wọ́n á fi í sókè àjà títí olè á fi gbé e. Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó ní kí n lọ ṣe é lójú Olúọdẹ, kí n sì gbé ohun tó bá kù wá kí òun rí i. Ó tún kìlọ̀: "Mà á, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ọdẹ tó dé."

Mo rò pé ó ń ṣàṣejù ni.

Bàbá Olúọdẹ wá lọ́jọ́ Sátidé ní àárọ̀ kùtù. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Àrìnpa o, Bàbá." Wọ́n gun àkàbà fúnra wọn pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n sì gbé ìbọn náà sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri ní gbogbo ìgbà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wo orí ọmú kékeré tí òòlù rẹ̀ máa ń lù. Kápù, ìdérí kékeré tó máa ń ṣáná sí ẹ̀tù, wà níbẹ̀. Ó ti ṣú, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n rọra fi èékánná yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ọ̀pá ìkìbọn jáde. Wọ́n nà án sára ìbọn lóde, láti ẹnu títí dé ibi ihò iná, wọ́n fi àtàǹpàkò sàmì sí i. Wọ́n wá tì í bọ inú. Ó yẹ kí àmì yẹn bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Kò bá a dọ́gba. Ìka mẹ́rin ló kù síta.

Bàbá wò mí. "Ìbọn ọdẹ kì í gbófo nínú ulé," ni wọ́n wí. Inú ilé ni wọ́n ń sọ, ẹnu Ìjẹ̀ṣà ponbele.

Ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ mẹ́rin ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo béèrè bóyá ẹ̀tù náà kò ti kú. Wọ́n ní bí omi kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀tù kì í gbọ́ pé ọdún ti kọjá.

Omi náà ni wọ́n fi mú un. Wọ́n gbé ìbọn nàró sí igun ẹ̀yìnkùlé, ẹnu sókè, wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀ títí ó fi kún, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn títí di ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan nínú èròjà ẹ̀tù máa ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀. Nígbà tó bá ti yọ́ tán, èédú àti imí-ọjọ́ tó kù kò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Ní ọjọ́ kejì, omi dúdú ti ń sun láti ihò kékeré náà wálẹ̀ sára ìtẹ̀lẹ̀. Ìyá mi ní ó dà bí ẹni pé ó ń sunkún. Mo ní kó jọ̀ọ́ má dẹ́rù bà mí.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá so irin lílọ́ mọ́ orí ọ̀pá, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fà. Àkísà ló kọ́kọ́ jáde. Mo mọ àkísà náà: bùbá àǹkárá ìyá mi ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọta, mọ́kàndínlógún, irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé lára róòdù. Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ dúdú. A wà ihò, a da ẹrẹ̀ náà sí i, a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Alágbẹ̀dẹ ló wá kù. Ọkùnrin yìí kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló rọ ìbọn náà fún bàbá mi. "Ẹ ní kí n pa ọmọ ìyá mi," ló wí. Mo jókòó sí ilé arọ rẹ̀ fún wákàtí méjì, mò ń wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń fín ewìrì. Nígbà tó yá ó ní kí n mú obì, ẹmu àti iṣu sísun wá fún Ògún. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Mo ra obì àti ẹmu, mo gbé e fún Olúọdẹ, àwọn ló gbé e fún un. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ìyẹn kó máa bọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò gba àkókò. Ó yọ igi kúrò lára irin, kí iná má baà jó o. Ó fi ìdí irin náà sínú ẹyín iná, ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó ní kí gbogbo wa dúró sí ẹ̀yìn òun. Bí ẹ̀tù bá ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni yóò ti jó. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún wẹ́dà tó wà ní òdìkejì títì. Wẹ́dà náà fi róòdù tó kún inú páìpù náà wọlé, láti ìdí dé ẹnu, ó jó o mọ́ ọn ní òkè àti nísàlẹ̀, ó jó ihò iná dí, ó sì gé orí ọmú náà kúrò pátápátá. Ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun kun ún ní ọ̀dà góòlù. Mo ní rárá.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni igi ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kó dán, mo ra sáńpépà, mo sì ń fi gbogbo agbára ha á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti ha apá kan tán kí ìyá mi tó figbe ta. Àwọn ìlà kéékèèké tí mo rò pé ìdọ̀tí ni, bàbá mi ló fi ọ̀bẹ gé wọn, ìlà kan fún ẹran ńlá kan. Ìyá mi mọ díẹ̀ nínú wọn: ìgalà tí wọ́n fi san owó ilé-ìwé mi wà níbẹ̀. Mẹ́tàlá ló kù. Mi ò mọ iye tí mo pa rẹ́. Aṣọ àti epo díẹ̀ ló yẹ kí n fi nù ún, kí n sì fi í sílẹ̀.

Mo gbé e lọ sí tẹ́ṣàn nínú àpò ìrẹsì. Ọ̀gá náà fi okùn tín-ín-rín wá ọ̀nà wọ ẹnu rẹ̀, kò rí, ó fọwọ́ sí ìwé mi. Ó wà lára ògiri pálọ̀ báyìí, lábẹ́ fọ́tò bàbá. Àbúrò mi wá lọ́dún Àjíǹde, ó dúró síwájú rẹ̀ pẹ́, ó fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, ó jù ú sílẹ̀. Ó dún "kẹ́ṣẹ́". Kò sọ nǹkan kan, ó lọ jẹun.

Ọ̀pá ìkìbọn nìkan ni kò ríbi wọ̀ mọ́. Ìyá mi ti mú un lọ sí ilé ìdáná, òun ló fi ń gbé fèrèsé dúró bí èéfín bá pọ̀.