Bí Mo Ṣe Wá Ìṣẹ́jú 25 Tó Sọnù nínú The Shining

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé àwo DVD The Shining, fíìmù ẹ̀rù nípa ìdílé kan tó lọ ṣọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ṣófo nígbà òtútù, wọlé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwa méjèèjì sì jókòó wò ó lóru lẹ́yìn tí àwọn òbí wa ti sùn. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé mo mọ fíìmù náà tinú tẹ̀yìn, àfi ìgbà tí ẹ̀dà 4K, àwo tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere ju ti DVD lọ, tí ilé iṣẹ́ Warner gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 tẹ̀ mí lọ́wọ́, tí mo sì rí i lẹ́yìn páálí rẹ̀ pé ìṣẹ́jú 144 ni. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo bá pinnu láti fi àwo méjèèjì wé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ síra kò fara sin. Stanley Kubrick, olùdarí fíìmù náà, gbé e, tí ó yọ láti inú ìwé ìtàn tí Stephen King tẹ̀ jáde ní 1977, jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 1980. Kí ó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ gé bí ìṣẹ́jú 25 kúrò, ó sì di 119. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọn kò kọ́ inú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá náà sí Colorado tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, Elstree tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́ ọ sí, síbẹ̀ àwa ará Lọ́ńdọ̀nù la rí èyí tí a gé.

Iṣẹ́ náà gbà mí ní òru mẹ́ta. Mo fi àwo tuntun sínú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo fi ti àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí itan mi, mo fa ìlà sí àárín bébà, mo sì ń kọ àkókò tí ìran kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo pa ètò tí tẹlifíṣọ̀n fi ń mú àwòrán kúnná jù, nítorí pé ó máa ń sọ fíìmù di ohun tó jọ ìròyìn alẹ́. Bí Danny, ọmọ kékeré inú ìdílé náà, ti ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta káàkiri, tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ń pariwo lórí pákó, tí ó sì ń dákẹ́ lójijì lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo gbàgbé bébà ọwọ́ mi nígbà méjì.

Òru kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí asán. Àwo àtijọ́ parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 115, èyí tó mú kí ìyàtọ̀ jẹ́ 29, kì í ṣe 25, mo sì rò pé ẹlòmíràn tún ti gé e sí i. Àṣé DVD ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fà á: àwòrán 24 ni kámẹ́rà fíìmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n 25 ni tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà ń fi hàn níbí, nítorí náà fíìmù a máa sáré díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn àwọn òṣèré náà a sì ga díẹ̀. Láti òru kejì ni mo ti ń fi 25 sọ àkókò DVD di púpọ̀, tí mo ń fi 24 pín in, ìṣirò náà sì bọ́ sójú ọ̀nà.

Ìran tó ká mi lára jù ni ti dókítà obìnrin tó wá yẹ Danny wò kí ìdílé náà tó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Kò sí nínú àwo ẹ̀gbọ́n mi rárá. Níbẹ̀ ni Wendy, ìyá Danny, ti ń ṣàlàyé, pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dé ojú, pé ọkọ òun mutí dé, ó fa ọmọ lápá títí èjìká rẹ̀ fi yẹ̀, láti ìgbà náà kò sì fẹnu kan ọtí mọ́, ó ti pé oṣù márùn-ún. Nígbà tó yá, Jack, ọkọ rẹ̀, jókòó nídìí ọtí, ó ń ráhùn pé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? Ẹni tó wo ẹ̀dà kúkúrú kò lè béèrè, nítorí pé ẹnu Jack nìkan ni mo rántí pé a ti gbọ́ ọ. Lójú tèmi, hòtẹ́ẹ̀lì ló sọ bàbá di abàmì nínú ẹ̀dà kúkúrú, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà gígùn, ilé ni ó ti gbé ewu náà lọ. King náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: apá ọmọ tí bàbá ṣẹ́ wà ní ìdí ìtàn inú ìwé rẹ̀.

Apá kan ìrìn àjò Hallorann, alásè hòtẹ́ẹ̀lì náà, padà síbẹ̀ nínú yìnyín wà lára ohun tí a gé, n kò sì rí ohun tí àìsí rẹ̀ bàjẹ́. Ti àwọn egungun òkú tí aláǹtakùn ta òwú bò, tí Wendy bá ní gbọ̀ngàn, Kubrick jàre pé ó yọ ọ́. Ẹ̀rín ló pa mí. Mo tún wá ìran ilé ìwòsàn tí ó yọ kúrò ní ìparí láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní tí fíìmù jáde ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò sí lórí èyíkéyìí nínú àwo méjèèjì.

Ẹ̀dà kúkúrú kò sí lórí àwo tuntun tí mo rà, nítorí náà n kò dá ti ẹ̀gbọ́n mi padà. Mo ká bébà náà sínú páálí rẹ̀, mo sì tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago pé kí wọ́n wá ní Sátidé, kí a jọ gbọ́ ohun tí Wendy sọ fún dókítà.