Wọ́n fi orúkọ iléeṣẹ́ mi gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́

Obìnrin kan ló pè mí ní gbájú-ẹ̀ níwájú géètì ara mi ní Odógúnyán, nílùú Ìkòròdú, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dání. Àmì iléeṣẹ́ wa wà lórí rẹ̀, orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti gba ₦18,500 lọ́wọ́ rẹ̀ fún yunifọ́ọ̀mù àti àyẹ̀wò ara. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di omi la ń ṣe o. Àwa mẹ́rìnlá péré ni, kò sì sẹ́ni tó wọ yunifọ́ọ̀mù níbẹ̀ rí. Kó tó di ọ̀sán, àwọn mẹ́fà mìíràn ti dé, ọ̀kan tiẹ̀ wọkọ̀ láti Ṣágámù.

Inú bí mi, mo ní kí mẹ́gáàdì lé wọn. Àṣìṣe ńlá! Inú fóònù wọn ni gbogbo ẹ̀rí wà. Mo sáré pe àwọn mẹ́ta padà, mo bẹ̀ wọ́n kí n tó rí fọ́tò yà.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo kọ sítétímẹ́ǹtì. Ẹ mọ bó ṣe ń rí níbẹ̀. Báńkì tí owó náà wọlé sí ní kò kàn mí, torí kì í ṣe owó mi. Òótọ́ kúkú ni. Ẹni tó sanwó ló yẹ kó pe báńkì tirẹ̀, kíákíá, kí wọ́n tó kó owó náà lọ. Nínú àwọn méje, ẹnì kan ló pè lọ́jọ́ náà. Àwọn yòókù ní àwọn ti fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run.

Ìkànnì ayélujára àwọn oníjìbìtì náà ló wá fojú mi rí màbo. Wọ́n ra àdírẹ́ẹ̀sì tó jọ tiwa, wọ́n kàn fi “jobs” kún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá mi wò ó lórí WHOIS, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹni tó ra orúkọ ìkànnì àti ẹni tó tà á. Orúkọ ẹni tó rà á ò hàn, ẹni tó tà á ló hàn: iléeṣẹ́ kan lókè òkun. Mo kọ̀wé sí wọn tìbínú-tìbínú pé wọ́n ti jí orúkọ wa. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n mú ìwé trademark wá, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé èmi ni mo ni orúkọ àti àmì ọjà wa. Mo fi ìwé CAC mi, ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, ránṣẹ́, mo sì fi yangàn, ṣebí 2016 ni mo ti gbà á. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ làwọn ń wí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé CAC ọ̀tọ̀, trademark ọ̀tọ̀. Ọ́fíìsì mìíràn l'Ábújá ló ń fún èèyàn. Ṣé kí n wá lọ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn nígbà tílé ti ń jó?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi fà á. Lọ́jọ́ kẹwàá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tó ta orúkọ kọ́ ló gba ìkànnì náà sílé o.” Àṣé onílẹ̀ ni mo ń bá jà, onílé tó gbà wọ́n láyè wà lọ́tọ̀! Mo kọ̀wé sí onílé náà. N ò sunkún orúkọ mọ́. Mo kọ ọ́ pé phishing ni, ìyẹn ìkànnì ayédèrú tí wọ́n fi ń tan èèyàn, pé ojú ìwé yẹn ń gba NIN, BVN àti owó lọ́wọ́ aráàlú. Mo fi fọ́tò lẹ́tà mẹ́ta àti rìsíìtì owó méjì tì í. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìkànnì ti kú. Mo jó nínú ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ mi ń wò mí.

Ọmọ náà tún bá wa ṣètò DMARC, ìlànà tó ń jẹ́ kí wọ́n dá ímeèlì ayédèrú mọ̀, sórí ímeèlì wa, kó lè ṣòro láti fi àdírẹ́ẹ̀sì tiwa gan-an ṣe jìbìtì. Kò dí ẹni tó bá ra èyí tó jọ ọ́ lọ́wọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín.

Ká ní mo mọ̀ ni, pátákó ni ǹ bá ti gbé sí géètì láti ọdún tó ti pẹ́: “A kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ rárá.” Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, nọ́ńbà wa wà lábẹ́ rẹ̀. Mo lẹ irú rẹ̀ mọ́ ògiri ní Sábó, àwọn kan ti ya á.

Ìyá ọjọ́ Ajé yẹn ń ta ẹ̀kọ ní òpópónà kejì sí wa. Mo máa ń kí i. Kì í dáhùn.