Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà ńlá jẹ́ práìmù láì máa pín in kiri

Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí nǹkan kan ò lè pín geere àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tíì rí báyìí ni 2 ní páwà 136,279,841 (ìyẹn 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, títí 2 yẹn á fi pé iye yẹn), kẹ́ ẹ wá yọ 1 níbẹ̀. Luke Durant ló rí i ní October 2024, òun pẹ̀lú àwọn GIMPS, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá irú práìmù yìí, dígíìtì ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 41. Ta ló fẹ́ máa fi 3, fi 5, fi 7 pín ìyẹn wò? Ẹ ò lè parí ẹ̀ láyé yìí.

Ọgbọ́n tí Lucas ará Faransé bẹ̀rẹ̀, tí Lehmer ará Amẹ́ríkà wá tún ṣe, ló dáa jù. Àmọ́ nọ́ńbà tó bá jẹ́ 2 ní páwà kan yọ 1 nìkan ló wà fún o, páwà yẹn fúnra ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ práìmù tó ju 2 lọ, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Ẹ jẹ́ ká fi 127 ṣe é, ìyẹn 2 ní páwà 7 yọ 1. Ẹ mú 4, ẹ sọ ọ́ di 4 lọ́nà 4, ẹ yọ 2, ó di 14. 14 lọ́nà 14 yọ 2 jẹ́ 194, ó ti ju 127 lọ, torí náà ẹ fi 127 pín in kẹ́ ẹ mú àṣẹ́kù nìkan, 67. Ẹ ṣe 67 náà bẹ́ẹ̀, ó di 4,487, àṣẹ́kù 42. 42 di 1,762, àṣẹ́kù 111. 111 di 12,319, ẹ fi 127 pín in, ó lọ geere, 97, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Práìmù ni! Ẹ̀ẹ̀márùn-ún la ṣe é torí 7 yọ 2 ni 5, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ka ti páwà yòówù.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: ẹ ò tiẹ̀ nílò 127 láti pín in. 128 ni kẹ́ ẹ lò. 4,487 pín sí 128 jẹ́ 35, ó ku 7, ẹ ro 35 mọ́ 7, 42 náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà fẹ́ràn èyí gan-an torí 2 ní páwà ni 128, kó kàn gé nọ́ńbà sí méjì kó rò ó pọ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá ṣe 2,047 (páwà 11), lẹ́yìn ìgbà 9 ó máa ku 1,736, kì í ṣe práìmù nìyẹn, 23 lọ́nà 89 ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ò ní sọ 23 àti 89 yẹn fún yín o. Lucas ti mọ̀ ní 1876 pé ti páwà 67 kì í ṣe práìmù, 1903 ni Cole, onímọ̀ ìṣirò kan, tó wá rí àwọn tó pín in, 193,707,721 àti 761,838,257,287.

Páwà 13, 17 àti 19, kálíkúlétọ̀ fóònù á gbé e. Tó bá di 31, ẹ má lo Excel, dígíìtì 15 péré ló ń mú dáadáa, Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni kẹ́ ẹ lò.